Èjìká Tí Kì Í Gbélé

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ. Ẹ fi ìbọn yín ti igi, ẹ jẹ́ kí ajá yín dùbúlẹ̀, kí ẹni tó ní ẹmu lọ́wọ́ má sì jẹ́ kí ọ̀fun mi gbẹ, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí gùn díẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́níyì ará Ìsàlú, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí, tó rántí pé òun ní iṣẹ́ nílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A ò tíì bí ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí nígbà tí mo ti ń jẹun, tí mo sì ń sùn, nínú igbó tí ẹ ò lè wọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n lónìí n kò ní sọ̀rọ̀ ẹfọ̀n, n kò sì ní sọ̀rọ̀ ẹkùn. Ọ̀rọ̀ èjìká mi ọ̀tún yìí ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe sọ ara rẹ̀ di arìnrìn-àjò, àti bí mo ṣe gbé e wọ Igbó Ìfarabalẹ̀ lọ kí wọ́n lè bá mi kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé.

Orí ègùn ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹpẹ tí àwa ọdẹ máa ń dè sórí igi láti fi ṣọ́ ẹran. Ẹtu kan yọ nísàlẹ̀, mo sì dìde láti yìnbọn sí i bí ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi di ẹ̀ka mú. Ẹ̀ka dúró, èmi náà dúró, èjìká mi nìkan ni kò dúró. Baba Láọyè tó ń to eegun ní ìlú wa fà á wọlé, ó fi ọ̀já so apá mi kọ́ ọrùn, ó ní n kò gbọdọ̀ tú u títí òun yóò fi ní kí n tú u. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé ọdẹ kò pẹ́ dé, ẹ sì mọ àwọn ọdẹ. Ẹni tó bá fi ọ̀já so apá kọ́ ọrùn wá sí ìpàdé wa, wọ́n á bi í bóyá òun àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ bímọ tuntun, tó fi gbé ọmọ pọ̀n síwájú. Mo tú ọ̀já náà sínú àpò kí n tó dé ibẹ̀, mo sì ju apá fìrìfìrì wọlé. Láti ọjọ́ náà ni èjìká mi ti mọ ọ̀nà ìta.

Bí mo bá ń wọ dàńṣíkí, á yẹ̀. Bí mo bá sọ òkò sí ewúrẹ́ tó ń jẹ gbàgúdà mi, ewúrẹ́ á dúró, èjìká á lọ. Bí mo bá na ọwọ́ sí ẹran gbígbẹ lókè ààrò, ẹran á wà lókè, èmi á máa ké nísàlẹ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó mi kì í ṣe ọmọ a-to-eegun, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fà á wọlé. Á gbé ìgbako sílẹ̀ nídìí ọbẹ̀, á fà á, á tún mú ìgbako rẹ̀. Á ní, "Baálé mi, èjìká yín yìí ń ròde jù yín lọ o. Ṣé ó ti ní àlè níta ni?" Inú á bí mi, ṣùgbọ́n n ó dákẹ́. Ẹni tó di èjìká ẹni mú, a kì í bá a jà kó tó parí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí sí ẹ̀rín bí kì í bá ṣe pé ọ̀gá mi kú. Baba Ọdẹ́wálé ni, ẹni tó kọ́ mi ní ìbọn, tó kọ́ mi ní ewé, tó sì gbá mi létí lọ́jọ́ tí mo yìnbọn sí ẹran aboyún. Wọ́n ti sin ín, ó wá ku ìpà rẹ̀. Bí ọdẹ àgbà bá kú ní Ìsàlú, a máa ń kó aṣọ ìṣọdẹ rẹ̀, àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti egungun orí àwọn ẹran tó pa, a ó dì wọ́n mọ́ igi bí ẹni pé ènìyàn ló dúró, a ó sì gbé e lọ sínú igbó kó lè bá àwọn ọdẹ tó ṣáájú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé e. Èjìká ọ̀tún ló ń gbé e lé, ọwọ́ ọ̀tún náà ló sì ń nà sókè láti dì í mú. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà. Bó bá kan ilẹ̀, òkú ọdẹ náà á pa dà sẹ́yìn, á máa rìn káàkiri àkìtàn, ilé ò ní gbà á, igbó ò ní gbà á. Kí ọ̀gá mi tó dákẹ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọdẹ́níyì, ìwọ ni kí o gbé mi. Má jẹ́ kí n ṣubú o." Mo ní, "Baba, ẹ ò ní ṣubú." Ọwọ́ òsì ló dì mú, nítorí ọ̀tún ti yẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tí àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìpà náà, Ògúnbọ̀dé dìde. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni èmi àti ẹ̀ ti kọ́ṣẹ́. Èmi mọ ìbọn jù ú lọ, òun mọ ìjálá jù mí lọ, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé bó bá ń ki ènìyàn, ẹni náà lè fi ilé rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, mi ò bá Ọdẹ́níyì jà. Ṣùgbọ́n ẹrù ọ̀gá wa, ẹ jẹ́ ká gbé e fún ẹni tí èjìká rẹ̀ ń gbélé." Ẹ̀rín sọ ní gbogbo ilé. Olúọdẹ pàápàá fi fìlà bo ẹnu. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní ìgbà ọyẹ́ ni a ó ṣe ìpà náà. Bí èjìká mi bá ti gbọ́ràn nígbà náà, kí n gbé ọ̀gá mi. Bí kò bá tíì gbọ́ràn, Ògúnbọ̀dé ni yóò gbé e. Mo délé, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ wá, n kò lè jẹ ẹ́. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ. Ẹfọ̀n ò bà mí lẹ́rù rí bẹ́ẹ̀.

Mo tọ Baba Láọyè lọ. Ó wo èjìká mi, ó mi orí. Ó ní, "Iṣẹ́ tèmi ni kí n fà á wọlé. Kí ó jókòó sílé, iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Lọ bá Ìyá Ẹ̀sọ̀ nínú Igbó Ìfarabalẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe kánjú níbẹ̀ o, Ọdẹ́níyì. Mo bẹ̀ ọ́, má kánjú." Mo ní, "Baba, èmi? Ìgbà wo lẹ rí mi tí mò ń kánjú?"

N kò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara. Níbi tí ìrókò méjì ti fi orí kan orí bí ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ẹ̀dá kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Kò ní èjìká. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ etí, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ títí ó fi di ìbàdí, gbogbo rẹ̀ wá rí bí ọmọ odó. Ìhà ni apá rẹ̀ ti hù. Ó wọ ẹ̀wù, ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà ò rí ibi so kọ́. Bó bá fà á sókè, á yọ̀ sílẹ̀, bó bá tún fà á, á tún yọ̀. Nítorí náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ò sinmi.

Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ni Ọdẹ́níyì, a-pa-ẹran-bí-ẹni-ń-ya-àgbàdo!"

"Èmi ni Wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, oníbodè igbó yìí. Wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ ènìyàn máa ń ní nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn lọ́tùn-ún lósì. Ṣé o mú tìrẹ dání?"

"Mo mú un dání."

"Ó dára. Kí ni ọmọ tó ń ru ẹrù gbogbo ilé, tí wọn kì í bu oúnjẹ fún?"

"Èjìká ni."

"Ìyàwó wo ló máa ń jáde nílé tí ọkọ ń ké, tó bá tún ń wọlé, ọkọ á tún ké?"

Mo ronú. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní, "Èjìká tèmi ni."

Wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wù rẹ̀ fi bọ́ dé orúnkún. Ó wá na ìka, ó fi kan èjìká mi, ó sì yára fà á pa dà. "Áà! Èyí ò so mọ́ nǹkankan! Gbọ́, ọmọ ènìyàn. Òfin ibodè yìí ni pé èjìká tí kò bá di mú, èmi ni mo ni ín. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá ohun tí n ó fi ẹ̀wù kọ́. Ṣùgbọ́n kí ni n ó fi jákujàku yìí ṣe? Wọlé, jẹ́ kí Ìyá bá wa tún un ṣe. Nígbà tí o bá ń pa dà, n ó dán an wò. Bó bá dúró, tìrẹ ni. Bó bá yẹ̀, tèmi ni, n ó máa fi okùn dè é." Kí ni ǹ bá ṣe? Àtiwọlé là ń rò ná. Mo gbà.

Mo rìn títí mo fi gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń bá igi wí. "Rọra. Rọra, mo ní. Ta ló rán ọ pé kí o bá ìjì jà?" Ìyá arúgbó kan ni. Apá rẹ̀ gùn débi pé ìka rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó sì dúró sórí ilẹ̀ ó ń fi ìtàkùn di ẹ̀ka tí ìjì ṣẹ́ lókè igi. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú igbó náà nìyẹn. Ẹyẹ tó bá ṣẹ́ ní ìyẹ́, ọ̀bọ tó bá já bọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Kò tíì bojú wẹ̀yìn tó fi ní, "Ìwọ tó gbé ìbọn kọ́ èjìká òsì, tó di apá ọ̀tún mọ́ra bí ẹni jí ẹyin, kí ló ṣe ọ́?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí ohun tó ṣe mí tó bẹ́ẹ̀. Èmi Ọdẹ́níyì tí mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo yìnbọn fún erin báyìí..." Mo sì gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn án. Ẹ ti mọ èyí tó kù. Èjìká jáde, mo sì jókòó láìjẹ́ pé ẹnì kankan ní kí n jókòó.

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o. Erin náà ńkọ́, ṣé ó kú?"

Mo pa eyín keke. "Ó kú, Ìyá."

"Ó mà ṣe o."

Ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí àpáta pẹrẹsẹ kan, kí apá ọ̀tún rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Ó so akèrègbè omi kékeré mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ní fà á ni?" Ó ní, "Ta ní ń fa ewúrẹ́ tó ń bínú? Jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́, á wọlé fúnra rẹ̀. Máa sọ ìtàn erin rẹ fún mi." Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ mọ bí ìtàn ṣe máa ń dùn lẹ́nu onítàn. Erin kan ti di méjì, méjì náà sì ti fẹ́ máa bímọ, nígbà tí mo gbọ́ "kọ́" lára mi. Èjìká ti wọlé, bí ológbò tó lọ sóde tó pa dà wá sùn. Kò dùn mí bíi ti tẹ́lẹ̀ rárá.

Nígbà náà ni Ìyá Ẹ̀sọ̀ jókòó tì mí, ó fi ìka gígùn rẹ̀ yí èjìká mi ká. Ó ní, "Eegun apá rẹ dà bí ọmọ odó tí wọ́n gbé dúró sínú àwo ọbẹ̀. Àwo náà ò jìn. Ohun tó ń mú un dúró ni àwọn iṣan tó yí i ká tí wọ́n dì í mú. Èyí tó wà níwájú ya lọ́jọ́ tí o já bọ́, o ò sì jẹ́ kó jinná. Bó ti ń jáde ni ọ̀nà ń fẹ̀ sí i. Àwọn iṣan yòókù la ó kọ́ ní iṣẹ́ ọlọ́dẹ, kí wọ́n máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọn kì í kọ́ ọ lọ́jọ́ kan."

Mo bi í pé kí ni n ó san. Ó wò mí títí. Ó ní, "O ní ohun kan tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo ìgbà tí o bá fọ́nnu níwájú mi, wàá ṣe iṣẹ́ tí mo bá yàn fún ọ. Ìyẹn tó fún mi." Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mo ní ìyá àgbà yìí ò gbọ́n. Mo ní, "Ìyá, kò sí ọdẹ ní gbogbo ilẹ̀ yìí tó mọ ẹnu pa mọ́ bíi tèmi!"

Ó ní, "Ọ̀kan nìyẹn."

Ó kọ́kọ́ so apá mi kọ́ ọrùn. Ọ̀já tó lò pupa fòò, ó ní òdòdó lára. Mo ní ṣé kò ní èyí tó dúdú, èyí tó yẹ ọkùnrin. Ó ní, "Èwo ló ń dùn ọ́, èjìká ni àbí ìtìjú? Èjìká nìkan ni mo lè wò." Mo wọ ọ́. Àwọn ọ̀bọ wá wò mí, wọ́n pe àwọn ẹbí wọn. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa tú u lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n tẹ̀ba síwájú, kí apá rọ̀, kí ó máa fì bí ìrù màlúù. Ẹ wo èmi Ọdẹ́níyì tí mo tẹ̀ba tí mò ń fi apá lé eṣinṣin! Lẹ́yìn ìyẹn, ó mú mi lọ sídìí ìrókò, ó ní kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í. Mo ní, "Ṣé kí n wó o?" Ó ní, "Ọ̀kan tún nìyẹn. Máa tì í, kí ó má mì, kí ìwọ náà má mì." Mo ti ìrókò títí àwọn èèrà fi mọ̀ mí.

Èyí tó le jù ni ti ìtàkùn. Ó so ìtàkùn mọ́ igi, ó ká ewé gbòdògì, ó fi há mi láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ìhà. Ó ní kí n máa fa ìtàkùn náà sọ́nà òde, ṣùgbọ́n ewé ò gbọdọ̀ bọ́. Bí ewé bá bọ́, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì la ẹnu pé èmi tí mo pa báyìí, èmi tí mo lé báyìí, ìtàkùn ń dúró dè mí. Mo fa ìtàkùn nítorí ẹfọ̀n, mo fà á nítorí ẹkùn. Mo fà á nítorí ẹja kan tí mo ní ó gùn tó ọkọ̀ ojú omi, ìyẹn ni mo sì fà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwọ Ládépò, rẹ́rìn-ín rẹ tán kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Òṣùpá ń yọ, ó ń wọ̀, ìtàkùn tó ń gbọ̀n mí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí mò ń fà bí okùn ṣòkòtò. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé bí mo bá jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ ni, ǹ bá pa dà wálé bí mo ṣe lọ.

Ara mi wá le. Mo fi ọwọ́ tẹ ẹran èjìká mi, ó ki. Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ètè mi, mo ní ọ̀gá mi ń dúró, mi ò lè dúró mọ́. Ìyá Ẹ̀sọ̀ lọ di igi ní òdìkejì odò, mo gbé ìbọn, mo sì yọ́ lọ. Ohun tí Baba Láọyè bẹ̀ mí lórí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe.

Mo dé ẹnu ibodè. Wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ ń fa ẹ̀wù rẹ̀. Mo ní, "Dán an wò! Fà á! Gbé òkúta lé e!" Kò fà á, kò gbé òkúta. Ó kàn tún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe, ó sì gbé ìjálá:

"Ọdẹ́níyì, ọmọ a-rí-ẹfọ̀n-má-yà,
ọmọ a-fi-ìbọn-dáhùn-ìkíni,
baba rẹ ló gbé àgbọ̀nrín léjìká wọ̀lú,
tó ní ẹyẹ ló bà lé òun."

Ẹ mọ àṣà wa. Bí wọ́n bá ki ọdẹ ní oríkì baba rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á fò sókè, á lọ sẹ́yìn orí, bí ẹni pé ìbọn wà nínú rẹ̀. A kì í kọ́ ọmọ ọdẹ ní èyí. Èyí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pàápàá á na ọwọ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti dé ọ̀run, èjìká sì ti jáde kúrò nílé. Wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ pariwo ayọ̀, ó gbá apá mi mú, ó fi ẹsẹ̀ ti ìhà mi, ó ń fà á tagbáratagbára kó lè já a gbà. Mo ké pe ọ̀gá mi. Ó fà á, ó tún fà á, àfi "kọ́"! Fífà tó ń fà á ló dá a pa dà sílé. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí ó bá ọ̀tá dáná. Ẹ̀wù rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ó sì ti dì í lẹ́sẹ̀. Ó fò mọ́ mi, ó ṣubú, mo sá pa dà sínú igbó. Mo sá débi pé bí àgbọ̀nrín bá rí mi, á bi mí pé ta ló kọ́ mi.

Ìyá Ẹ̀sọ̀ ti ti òdìkejì odò dé, ó jókòó sórí àpáta pẹrẹsẹ náà. Ọ̀já pupa náà wà lórí itan rẹ̀, ó ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ dè mí. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo jókòó, mo sunkún, mo ní, "Ìyá, ọ̀gá mi á ṣubú." Ó ní, "Kò tíì ṣubú. Iṣan rẹ ti gbọ́n, ìwọ ni kò tíì gbọ́n. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù mú. Wọn ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń di ìyìn mú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi. Jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀."

A tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀já. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí gbígbé ọwọ́ sókè, ó fi ọ̀nà mìíràn hàn mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ fa eegun ẹ̀yìn èjìká mọ́ra, kí n wá gbé ọwọ́ gba iwájú lọ sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀yìn orí lewu. Gbé e síbi tí ojú rẹ ti lè rí i." Bí mo bá sì ti ń gbé e, òun á máa ki oríkì mi. Háà, ohùn Ìyá Ẹ̀sọ̀! Ọ̀pọ̀lọ́ tó ní òtútù sàn jù ú. Ó ń kì mí láàárọ̀, ó ń kì mí lọ́sàn-án, èmi ń fi ẹ̀sọ̀ gbé ọwọ́ lọ síbi tí ojú mi ti lè rí i, títí ọjọ́ kan tó kì mí tán tí n kò gbé ọwọ́ rárá. Mo kàn mi orí. Ó ní, "Máa lọ sílé." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì fi ọ̀já pupa náà lé mi lọ́wọ́.

Ní ibodè, Wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ kì mí títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Mo mi orí. Ó gbé òkúta lé èjìká mi, mo dúró. Ó jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó ń fa ẹ̀wù. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yọ ọ̀já náà, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn, mo so etí ọ̀já méjèèjì mọ́ ẹ̀wù níwájú àti lẹ́yìn. Ó dìde. Ẹ̀wù dúró. Ó fo sókè, ẹ̀wù dúró. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣófo sí iwájú, ó ń wò wọ́n, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Mo fi í síbẹ̀.

Ọyẹ́ ò tíì lọ tán nígbà tí ọjọ́ ìpà pé. Wọ́n gbé ọ̀gá mi lé mi léjìká: aṣọ rẹ̀, àpò rẹ̀, agbárí ẹfọ̀n tó pa nígbà èwe, ìbọn rẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀. Ó wúwo. Mo fa eegun ẹ̀yìn èjìká mọ́ra, mo gbé ọwọ́ gba iwájú, mo dì í mú, a sì gbéra. Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn ìlú pẹ̀lú àwọn obìnrin, nítorí wọn kì í tẹ̀ lé wa kọjá ibẹ̀. Èjìká mi ló ń wò.

Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti gun òkè, Ògúnbọ̀dé bọ́ síwájú mi, ó gbé ìjálá. N kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ dán mi wò ni, tàbí ìjálá ló kàn gùn ún. Oríkì mi ló gbé. "Ọdẹ́níyì, ọmọ a-rí-ẹfọ̀n-má-yà!" Ohùn yẹn, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ! Kì í ṣe ti ọ̀pọ̀lọ́. Gbogbo irun ara mi dìde. Ó dé orí baba mi àti àgbọ̀nrín rẹ̀, àwọn ọdẹ ẹ̀yìn ti ń gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ tèmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi nídìí ẹrù. Ó ń fẹ́ fò. Mo ní, ọwọ́, jọ̀wọ́, ọ̀gá wa ló wà lọ́wọ́ rẹ. Mo mi orí lẹ́ẹ̀kan, mo gbé ẹsẹ̀, mo tún gbé ẹsẹ̀. Ògúnbọ̀dé bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó rí ẹrù náà tó dúró ṣinṣin. Ohùn rẹ̀ já. Ó wá gbé oríkì Baba Ọdẹ́wálé, ẹkún sì wọ inú ìjálá náà. Báyìí ni a jọ gun òkè náà, òun ń sunkún níwájú, èmi ń sunkún lábẹ́ ẹrù, ọ̀gá wa ò kan ilẹ̀.

A gbé e tì sídìí igi tó yàn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọdẹ dé ibẹ̀ ló ń fi ìbọn òkú náà yin ìbọn ìdágbére. Mo gbé ìbọn ọ̀gá mi lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, gba iwájú, síbi tí ojú mi ti lè rí i. Ó pẹ́ débi pé Olúọdẹ ní, "Ọdẹ́níyì, ṣé kí a lọ jẹun ká tó pa dà wá ni?" Mo yìn ín. Ìbọn náà ta mí bí ó ti ń ta ọ̀gá mi nígbà ayé rẹ̀. Èéfín lọ tán, gbogbo wọn ń wo èjìká mi. Ó wà nílé. Ògúnbọ̀dé wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ra iṣu. Ó ní, "Ó gbélé lóòótọ́." Ó sì gba àpò mi, ó bá mi gbé e délé.

Àwẹ̀ró ṣì wà lẹ́yìn ìlú níbi tí a fi í sí. Àwọn obìnrin yòókù ti lọ. Ó rí bí apá mi ṣe ń fì wálẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wá fi ọwọ́ sábẹ́ ìró rẹ̀, ó yọ ọ̀já kan tó ti ká kékeré, ọ̀já tí Baba Láọyè kọ́kọ́ fún mi, tí mo tú sínú àpò lọ́jọ́ ìpàdé. Ó ti gbé e pa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ti gbé e wá kó lè fi so mí bí mo bá pa dà pẹ̀lú èjìká nílẹ̀. Ó tú u, ó fi nu èéfín ìbọn kúrò lójú mi, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Baálé mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì."

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ. Mo ti rí ẹni tó ń tún ọ̀fun ṣe láti kì mí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kì mí, mo yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n rọra kì mí, ẹmu ń bẹ lọ́wọ́ mi.